Títo Ibùdó Òpó Rédíò Tẹ̀ Lé Ara Wọn: Bí Ìkárí Ṣe Ń Pinnu Ibi Tí Iṣẹ́ Yóò Ti Bẹ̀rẹ̀

Òpó rédíò kì í ṣe ohun tí a ń gbé kalẹ̀ sí gbogbo ìlú lọ́jọ́ kan náà. Owó ilẹ̀ wà níbẹ̀, owó irin wà níbẹ̀. Owó ẹ̀rọ, owó iná mànàmáná àti owó àwọn tí yóò máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru kò sì gbẹ́yìn. Nítorí èyí, ó di dandan fún àwọn tí ń ṣètò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ láti to àwọn ibùdó tẹ̀ lé ara wọn: èwo ni yóò ṣáájú, èwo ni yóò tẹ̀ lé e, èwo ni yóò dúró de ètò ìṣúná ọdún mìíràn. Títò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá. Abúlé tí ó bá bọ́ sí abẹ́ òpó àkọ́kọ́ yóò máa gbọ́ ìkìlọ̀ ìkún-omi, ìkéde abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìròyìn nípa ààbò láti ọdún yìí lọ. Abúlé tí ó bá bọ́ sí abẹ́ òpó kẹwàá lè dúró títí ọmọ tí a bí níbẹ̀ lónìí yóò fi wọ ilé-ìwé.

Àlàyé yìí wà fún àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ọba àti baálẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti gbogbo aráàlú tí ó ń bèèrè ìdí tí òpó fi lọ sí apá kan tí kò sì tíì dé apá kejì. Kókó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ibùdó tí ó yẹ kí ó ṣáájú kì í ṣe èyí tí ó ga jù, kì í sì í ṣe èyí tí ó sún mọ́ ìlú ńlá jù. Ibùdó tí yóò mú kí àwọn tí kò gbọ́ rédíò tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́, tí iye wọn sì pọ̀ ju ti ibùdó mìíràn lọ, ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ A Ó LÒ

Ibùdó ni ibi tí a lè gbé òpó àti ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ kalẹ̀ sí, ìbáà jẹ́ orí òkè, ìbáà jẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ìkárí ni gbogbo ilẹ̀ tí ìgbì rédíò láti òpó kan dé pẹ̀lú agbára tí rédíò lásán lè gbé jáde láìsí ariwo.

Ìwọnúra ni ibi tí ìkárí òpó méjì ti wọnú ara wọn, tí olùgbọ́ kan náà sì wà lábẹ́ òpó méjèèjì.

Òjìji ni ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn òkè tàbí nínú àfonífojì, tí òkè dí ìgbì lọ́wọ́ láti dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jìnnà sí òpó.

Àfikún ni iye ènìyàn tí ibùdó kan yóò fi kún àwọn tí ń gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni òpómúléró gbogbo àlàyé tí ó ń bọ̀.

BÍ ÌGBÌ RÉDÍÒ ṢE Ń RÌN

Àwọn ilé-iṣẹ́ FM ń lo ìgbì tí ó wà láàárín 87.5 MHz sí 108 MHz. Gígùn ìgbì wọ̀nyí kò ju nǹkan bíi mítà mẹ́ta lọ. Irú ìgbì báyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rìn bí ojú ṣe ń ríran: ibi tí ẹni tí ó wà lórí òpó bá lè rí ni ìgbì ń dé dáadáa, pẹ̀lú èlé díẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ máa ń tẹ ìgbì náà wá sí ilẹ̀ díẹ̀ bí ó ti ń lọ. Nítorí pé ayé rí róbótó, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó máa ń gé ìrìn ìgbì náà kúrú.

Ọ̀nà ìṣirò kan wà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń mọ ibi tí ìgbì lè dé lórí ilẹ̀ títẹ́. A ó wá nọ́ńbà tí a lè fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kí ó fi tó gíga òpó ní mítà. A ó sì sọ nọ́ńbà náà di ìlọ́po 4.12. Ohun tí ó bá jáde ni jíjìnnà ibẹ̀ ní kìlómítà. Bí òpó bá ga tó mítà 100, nọ́ńbà náà jẹ́ 10, ìgbì yóò sì dé nǹkan bíi kìlómítà 41. Ẹ wo bí ó ṣe rí fún àwọn gíga mìíràn:

Òpó mítà 25: nǹkan bíi kìlómítà 21.
Òpó mítà 100: nǹkan bíi kìlómítà 41.
Òpó mítà 225: nǹkan bíi kìlómítà 62.
Òpó mítà 400: nǹkan bíi kìlómítà 82.

Ẹ̀kọ́ méjì wà nínú èyí. Èkíní ni pé kí jíjìnnà tó di ìlọ́po méjì, gíga gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Èkejì ni pé òkè máa ń dín owó kù. Òpó mítà 50 lórí òkè tí ó fi mítà 175 ga ju ilẹ̀ àyíká rẹ̀ lọ kò yàtọ̀ sí òpó mítà 225 lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, irin tí a ó rà sì kéré púpọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ṣáà ti fi agbára kún ẹ̀rọ, gbogbo ibi ni yóò gbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí ohunkóhun kò ti dí ìgbì lọ́wọ́ pàápàá, agbára ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin kí jíjìnnà tó di ìlọ́po méjì. Nígbà tí ìgbì bá sì ti kọjá etí ilẹ̀ tí ojú ń rí, owó iná lásán ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára tí a ń fi kún un.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Láti Ìbàdàn sí Ṣakí, bí ẹyẹ bá fò ní tààràtà, ó lé ní kìlómítà 150. Láti Ìbàdàn sí Kìṣí sún mọ́ kìlómítà 190. Òpó tí ó ga tó mítà 300 ní Ìbàdàn kò lè fi bẹ́ẹ̀ kọjá kìlómítà 71 lórí ilẹ̀ títẹ́. Kò sí bí a ṣe lè fi òpó kan ṣoṣo ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀ sí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí ó wà ní ìpínlẹ̀ náà lórí FM. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ìpínlẹ̀ náà fi ní Àjílété FM ní Gámbàrí fún agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó sì ní Òkè-Ògùn FM ní Alága fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tí ó wà ní Òkè-Ògùn.

Òkè tí ó ń ran ìgbì lọ́wọ́ náà ni ó máa ń dí i lọ́wọ́. Ilẹ̀ Yorùbá kún fún àpáta ńláńlá: Asabari ní Ṣakí, àwọn òkè Ìgbẹ́tì, òkè Adó-Àwáyè, Olúmọ ní Abẹ́òkúta, àwọn òkè Ìdànrè, Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Bí a bá gbé òpó sí ìhà kan irú òkè bẹ́ẹ̀, abúlé tí ó wà ní ìhà kejì lè wà nínú òjìji, kí ó má gbọ́ nǹkan kan, nígbà tí ìlú tí ó jìnnà sí i ní ìlọ́po mẹ́wàá ń gbọ́ ketekete. Ohun tí ó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn.

OHUN TÍ A NÍ LÁTI KÀ KÍ A TÓ YAN

Kí a tó lè to ibùdó tẹ̀ lé ara wọn, a nílò àkọsílẹ̀ mẹ́rin.

Àkọ́kọ́ ni orúkọ gbogbo ibùdó tí ó ṣeé ṣe. Ibi tí a lè rí ilẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, tí ọkọ̀ lè gbé irin dé, tí kò sì sí lójú ọ̀nà ọkọ̀ òfurufú nìkan ni ó yẹ kí ó wọ inú ìwé náà.

Èkejì ni máàpù gíga ilẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfuurufú Endeavour ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ọjọ́ mọ́kànlá wọn gíga ilẹ̀ ní apá tí ó pọ̀ jù nínú ayé, àkọsílẹ̀ náà sì wà fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Pẹ̀lú rẹ̀, kọ̀ǹpútà lè fi òjìji gbogbo òkè hàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gun òkè kan.

Ẹ̀kẹta ni ìlànà tí a fi ń sọ tẹ́lẹ̀ bí agbára ìgbì yóò ṣe máa dínkù. Ní ọdún 1968, Okumura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan tẹ èsì ìwọ̀n tí wọ́n ṣe ní agbègbè Tokyo jáde. Ní ọdún 1980, Hata sọ èsì náà di ìṣirò tí kò nira, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù alágbèéká sì lò ó púpọ̀. Ní ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ìlànà tí àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ITU, pè ní P.1546 ni ó gbajúmọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni iye ènìyàn àti ibi tí wọ́n ń gbé. Ètò ìkànìyàn gbogbogbòò tí a ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà wáyé ní ọdún 2006. Abúlé ti di ìlú láti ìgbà náà, àwọn mìíràn sì ti tú. Nítorí náà, olùṣètò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní gbára lé ìwé ìkànìyàn nìkan. Yóò wo àwòrán ilé láti òfuurufú, yóò wo iye ọmọ ilé-ìwé, yóò sì bá àwọn olórí abúlé sọ̀rọ̀.

Ó tún ku ìbéèrè kan: agbára wo ni a ó gbà pé ó tó? ITU fi ìdíwọ̀n lélẹ̀ fún FM onírú ohùn méjì: 54 dBµV/m fún ìgbèríko, 66 fún ìlú, 74 fún ìlú ńlá. Ìlú nílò agbára jù nítorí ariwo ẹ̀rọ àti ilé tí ó fún pọ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé áńtẹ́nà tí ó ga tó mítà 10 sí ilẹ̀ ni a fi ṣe ìdíwọ̀n yìí. Rédíò tí àgbẹ̀ so mọ́ ẹ̀ka igi lóko tàbí tí ìyá àgbà gbé sórí àpótí nínú yàrá kò ga tó bẹ́ẹ̀. Bí olùṣètò kò bá fi àyè sílẹ̀ fún èyí, ìkárí rẹ̀ yóò tóbi lórí máàpù ju bí ó ṣe rí ní ojú ayé lọ.

BÍ A ṢE Ń TO ÀWỌN IBÙDÓ

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a ka iye ènìyàn tí ibùdó kọ̀ọ̀kan kárí, kí a sì tò wọ́n láti orí èyí tí ó pọ̀ jù sí èyí tí ó kéré jù. Ó dà bí ẹni pé ó bá ọgbọ́n mu, ṣùgbọ́n ó máa ń ka ènìyàn kan náà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ìlànà tí ó tọ́ rí báyìí:

1. Ẹ yan ibùdó tí ó kárí ènìyàn jù. Òun ni ó wà ní ipò kìn-ín-ní.
2. Ẹ yọ gbogbo àwọn tí ó kárí kúrò nínú ìwé. Wọ́n ti ń gbọ́.
3. Ẹ padà tún gbogbo ibùdó tí ó kù kà, láti mọ iye ènìyàn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi kún àwọn tí ń gbọ́.
4. Ẹ yan èyí tí àfikún rẹ̀ pọ̀ jù.
5. Ẹ tún un ṣe títí owó yóò fi tán tàbí títí àfikún yóò fi kéré ju owó tí a ó ná lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ àfinúrò yẹ̀ ẹ́ wò. Ibùdó mẹ́rin wà. Ibùdó A kárí 500,000 ènìyàn. Ibùdó B kárí 450,000, ṣùgbọ́n 400,000 nínú wọn wà lábẹ́ A. Ibùdó D kárí 180,000 tí A àti B kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ibùdó E kárí 140,000 tí A àti B kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n 30,000 nínú wọn wà lábẹ́ D.

Bí owó bá tó fún òpó méjì, ẹni tí ó bá to ibùdó láti orí èyí tí ó pọ̀ jù yóò kọ́ A àti B. Àpapọ̀ àwọn tí yóò gbọ́ jẹ́ 550,000. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ìlànà àfikún yóò kọ́ A àti D. 680,000 ni yóò gbọ́. Owó kan náà, òpó méjì náà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ jẹ́ 130,000 ènìyàn. Bí owó òpó kẹta bá dé, B kò ní fi ju 50,000 kún un, nígbà tí E yóò fi 110,000 kún un. Nítorí náà E ni ó kàn, àpapọ̀ yóò sì di 790,000. Ibùdó B tí ó dà bí igbákejì láti ìbẹ̀rẹ̀ wá di ẹni ìkẹyìn.

Ibí yìí ni ìjà máa ń wà. Àwọn ará B yóò sọ pé ìlú àwọn tóbi ju D lọ, òótọ́ sì ni. Èsì tí ó yẹ kí a fún wọn ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti ń gbọ́ láti A. Èèyàn 50,000 tí kò tíì gbọ́ láàárín wọn ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n 180,000 ní D kò gbọ́ ohunkóhun rárá.

NÍBI TÍ ÌLÀNÀ YÌÍ TI LÈ TAN NI JẸ

Ìlànà àfikún dára, ṣùgbọ́n kì í fi gbogbo ìgbà mú èsì tí ó dára jù wá. Ẹ wo agbègbè kan tí ó ní ibùdó mẹ́ta. Ibùdó Àárín kárí 300,000. Ìlà-oòrùn kárí 250,000. Ìwọ̀-oòrùn kárí 250,000. Ìlà-oòrùn àti Ìwọ̀-oòrùn kò wọnú ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá Àárín pín 140,000. Bí owó bá tó fún méjì, ìlànà wa yóò kọ́kọ́ yan Àárín, yóò sì fi ọ̀kan kún un: 410,000. Bẹ́ẹ̀ bí a bá fi Àárín sílẹ̀, tí a sì kọ́ Ìlà-oòrùn àti Ìwọ̀-oòrùn, 500,000 ni yóò gbọ́.

Àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí ìṣòro yìí tipẹ́. Ní ọdún 1974, Richard Church àti Charles ReVelle gbé e kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò kan: pẹ̀lú iye ibùdó tí a ti mọ̀, báwo ni a ṣe lè kárí ènìyàn tí ó pọ̀ jù? Ní ọdún 1978, Nemhauser, Wolsey àti Fisher fi hàn pé èsì ìlànà àfikún kò lè wálẹ̀ ju nǹkan bíi ìpín 63 nínú 100 èsì tí ó dára jù lọ. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, ó dé ìpín 82.

Nítorí èyí, ó yẹ kí a máa gbìyànjú pípààrọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yan tán: kí a yọ ibùdó kan, kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí a wò ó bóyá àpapọ̀ yóò pọ̀ sí i. Bí ibùdó bá jẹ́ 20 tí a sì fẹ́ yan 5, ọ̀nà tí a lè gbà yàn wọ́n jẹ́ 15,504, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò láìpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ibùdó bá jẹ́ 100 tí a fẹ́ yan 10, ọ̀nà náà ju tírílíọ̀nù 17 lọ. Níbẹ̀ ni ìlànà àfikún àti pípààrọ̀ ti wúlò jù.

OHUN TÍ ÌTÀN KỌ́ WA

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìlànà yìí ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń tan tẹlifíṣọ̀n ká. Lọ́dún 1936, Alexandra Palace ní London ni BBC ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni èrò pọ̀ sí jù. Lẹ́yìn ogun, wọn kò gbé òpó kejì sí ẹ̀bá London. Sutton Coldfield ni wọ́n gbé e lọ ní 1949, láti bá àwọn ìlú oníṣẹ́ ọwọ́ àárín ilẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà Holme Moss ní 1951 fún ìhà àríwá. Kirk o'Shotts ní Scotland àti Wenvoe ní Wales ní 1952. Òpó márùn-ún péré, nǹkan bíi ìpín 80 nínú 100 àwọn ará ilẹ̀ náà ti wà lábẹ́ ìkárí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó gbà láti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó kù. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ náà bọ́ sórí ìgbì UHF, tí kì í rìn jìnnà tó ti àtijọ́, kí ó tó kárí ìpín 98.5 nínú 100, òpó ńlá àti kékeré ju 1,100 lọ ni wọ́n gbé kalẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn wà nínú àfonífojì tí ènìyàn kò pọ̀. Bí òpó ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àfikún ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i.

Nílé wa níbí, ìtàn náà kò yàtọ̀. Ṣáájú òpó, wáyà ni a fi ń gbọ́ ìròyìn: asọ̀rọ̀mágbèsì tí wọ́n so mọ́ ara ògiri bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1935, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Ilé tí wáyà kò dé kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí WNTV, tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ibùdó méjì ni wọ́n lò. Ọ̀kan wà ní Òkè Màpó láàárín gbùngbùn Ìbàdàn; èkejì wà ní Abafon lẹ́bàá Ìkòròdú, kí ó lè bá àwọn ará Èkó sọ̀rọ̀. Wọn kò kó méjèèjì sí Ìbàdàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn ni olú-ìlú ẹkùn náà. Àwọn tí òpó àkọ́kọ́ kò dé ọ̀dọ̀ wọn ni òpó kejì lọ bá.

OWÓ, ÒFIN ÀTI ÌTỌ́JÚ

Iye ènìyàn nìkan kọ́ ni a ń wò. Bí a bá padà sí àpẹẹrẹ wa, kí a sọ pé D kò ní ọ̀nà ọkọ̀, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó A, nígbà tí ti E jẹ́ ìlọ́po méjì. Bí a bá pín àfikún sí owó, D yóò mú 60,000 wá fún ìlọ́po owó kan, E yóò mú 70,000 wá. E ni yóò wá ṣáájú. Owó tí a ń sọ yìí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti kíkọ́ nìkan. Dísù tí jẹnẹrétọ̀ yóò máa mu, bátìrì àti páńẹ́lì iná oòrùn, owó ọlọ́dẹ àti ọkọ̀ tí yóò máa gbé onímọ̀ ẹ̀rọ lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò. Òpó tí ó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ nítorí àìsí dísù kò kárí ẹnikẹ́ni ní wákàtí ogún tí ó kù.

Òfin náà ní ipa tirẹ̀. Àjọ NBC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Àjọ tí ń rí sí ọkọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí gíga òpó. Níbi tí òpó méjì bá ti ń lo ìkànnì kan náà, ìwọnúra wọn lè di ariwo lásán, olùgbọ́ kò sì ní gbọ́ èyíkéyìí dáadáa. Nítorí náà, ìwọnúra kì í kàn ṣe òfò owó. Ó lè di ìpalára.

Tẹlifóònù alágbèéká tún ní ìṣòro kan tí rédíò kò ní. Rédíò ń gbọ́ lásán ni, kò ní láti dáhùn. Fóònù gbọ́dọ̀ dáhùn, agbára rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti òpó. Ibi tí fóònù ti ń rí òpó ṣùgbọ́n tí òpó kò gbọ́ fóònù kò sí nínú ìkárí, ohun yòówù kí máàpù sọ. Ìdí nìyí tí òpó tẹlifóònù fi ń sún mọ́ ara wọn ju òpó rédíò lọ.

ÀWỌN TÍ WỌ́N WÀ NÍ ÌPARÍ ÌWÉ

Ìlànà àfikún ní àbùkù kan tí ìṣirò kò lè wò sàn. Abúlé kékeré tí ó wà nínú òjìji òkè yóò máa wà ní ìparí ìwé lọ́dọọdún, nítorí pé àfikún rẹ̀ kò ní pọ̀ láéláé. Bí a bá fi ìṣirò náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò sọ fún wa pé kí a gbàgbé wọn.

Bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n nílò rédíò jù. Odò Ògùn ń ṣàn láti agbègbè Ṣakí lọ sí etí Èkó. Abúlé àti oko wà lẹ́bàá rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Àwọn ará Ìbàdàn kò tíì gbàgbé ìkún-omi Ògùnpa ti oṣù kẹjọ ọdún 1980, àti èyí tí ó wáyé ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Bí omi bá ń bọ̀ lóru, ará ìlú ńlá lè gbọ́ lórí fóònù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lẹ́nu aládùúgbò. Ẹni tí ó wà lábúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé kò ní ju rédíò lọ, bí rédíò náà bá ń gbọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn olùṣètò ń gbà yanjú èyí. Àkọ́kọ́, a lè fi ìwọ̀n kún kíka: ẹni tí kò gbọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò kankan rárá ni a ó kà sí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta, nígbà tí ẹni tí ó ń gbọ́ márùn-ún ni a ó kà sí ọ̀kan. Èkejì, a lè ya ìpín kan sọ́tọ̀ nínú owó fún àwọn ibi tí ìṣirò kò ní yàn láéláé. Ní Nàìjíríà, irú èrò yìí ni ó wà lẹ́yìn òwò USPF tí òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 dá sílẹ̀ láti mú ìbánisọ̀rọ̀ dé ibi tí oníṣòwò kò fẹ́ lọ. Ẹ̀kẹta, òpó kékeré tí kò ní ju wáàtì mélòó kan lọ, tí a gbé sí etí òkè láti gba ìgbì láti òpó ńlá kí ó sì tún un sọ sínú àfonífojì, lè ṣe iṣẹ́ tí òpó ńlá mìíràn kò lè ṣe.

OHUN TÍ ARÁÀLÚ LÈ ṢE

Máàpù ìkárí jẹ́ ìsọtẹ́lẹ̀. Etí ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Lẹ́yìn tí òpó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sínú ọkọ̀, wọ́n sì máa ń wọn agbára ìgbì láti abúlé dé abúlé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lè dé gbogbo oko. Níbẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ aráàlú ti ṣe pàtàkì.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ yín tàbí sí ilé-iṣẹ́ tí ń rí sí ìròyìn, ẹ má kàn kọ pé «a kò gbọ́ rédíò». Ẹ kọ orúkọ abúlé àti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àti ìkànnì ilé-iṣẹ́ tí ẹ kò gbọ́, àti àwọn tí ẹ ń gbọ́. Ẹ kọ ìgbà tí ẹ dán an wò, lọ́sàn-án tàbí lóru. Ẹ sọ bóyá inú ilé ni tàbí ìta gbangba. Ẹ sọ bóyá òkè wà láàárín yín àti òpó. Ẹ sì kọ iye agboolé tí ó wà níbẹ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ ẹ̀bẹ̀ lásán. Ó di nọ́ńbà tí olùṣètò lè kà, òun sì ni ó lè mú abúlé kan kúrò ní ìparí ìwé.

Àwọn olórí ìlú tí ó ní òkè gíga tún lè ṣèrànwọ́ nípa yíyanjú ọ̀rọ̀ onílẹ̀ kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó dé. Ibùdó tí ẹjọ́ ilẹ̀ wà lórí rẹ̀ máa ń bọ́ sí ẹ̀yìn, bí ó ti wù kí àfikún rẹ̀ pọ̀ tó.

Nígbà tí a bá tún gbé ìwé ibùdó kalẹ̀, ìbéèrè tí ó yẹ kí olúkúlùkù bi olùṣètò kò le: lábẹ́ òpó yìí, ènìyàn mélòó ni kò gbọ́ ohunkóhun lánàá? Ibi tí èsì bá ti pọ̀ jù ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí èsì bá sì kéré jù, kí a ya owó tirẹ̀ sọ́tọ̀, kí ọdún má fi gorí ọdún lórí wọn.